Sí Olóòtú: Gègé oníkùn gaara kì í ṣe ohun fújà

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú akitiyan. Mo ka ohun tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yín kọ sójú ìwé ìròyìn lórí gègé oníyíńkì tí àwọn ọ̀dọ́ tún ti ń rà kiri báyìí. Ó dùn mọ́ mi pé ẹ fi àyè sílẹ̀ fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀ òṣèlú àti ti owó epo. Àfi bí mo ṣe kà á dé ìdajì tí mo rí i pé ó ní àwọn gègé ńlá tó mọ́ gaara, tí wọ́n ń fi dúrọ́pà, irú èyí tí a fi ń kán oògùn sójú, rọ yíńkì sí nínú, ohun fújà lásán ni wọ́n, pé ẹni tó bá fẹ́ gègé gidi, kó lọ ra èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n fi irin ṣe, tó ń lo káátíríìjì, ìyẹn ìgò ọ̀rá kékeré tí yíńkì ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo bọ́ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún un kà. Ohun tó kọ náà nìyẹn.

Èmi ò bá ọmọ náà jà o. Ó mọ̀wé kọ, Yorùbá rẹ̀ sì dán mọ́rán. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gègé yìí, òun ni iṣẹ́ tí mo fi tọ́ ọmọ, n ò lè gbọ́ ọ kí n mọ́jú kúrò.

Iṣẹ́ kóòtù ìbílẹ̀ ni mo ṣe, láti ìgbà tí mo ti wà ní akọ̀wé kékeré títí mo fi di ẹni tí gbogbo ìwé ẹjọ́ wà níkàáwọ́ rẹ̀, kí n tó fẹ̀yìntì. Ẹni tó bá ti jókòó sí kóòtù wa rí mọ̀ pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ ohun gbogbo sílẹ̀: ohun tí olùpẹ̀jọ́ wí, èsì tí olùjẹ́jọ́ fọ̀, ohun tí ẹlẹ́rìí rí àti èyí tó ní òun ò rí. Adájọ́ ń kọ, akọ̀wé ń kọ. Bó bá wá jẹ́ ẹjọ́ ilẹ̀, tí ẹbí méjì kó àgbààgbà wá, o lè máa kọ̀wé láti àárọ̀ títí oòrùn á fi yẹ̀ lórí. Báírò a máa ni ìka lára, nítorí ó dìgbà tí o bá tẹ̀ ẹ́ kó tó fọhùn. Gègé oníyíńkì ò fẹ́ títẹ̀. Bí o bá ti gbé e lé ìwé, ó ti ń kọ. Ìyàtọ̀ yìí ò hàn lójú ewé kan tàbí méjì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti kọ ogún ewé mọ ohun tí mò ń wí.

Lẹ́yìn tí mo kúrò ní kóòtù, àwọn ẹgbẹ́ mi ò jẹ́ kí n sinmi. Wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé régbérégbé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí Ojúde Ọba bá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀, ìpàdé ò níye mọ́: aṣọ wo la fẹ́ wọ̀, ta ló ti san owó, ta ló ní òun ti san tí ìwé sì ní kò san, ẹṣin ta ni a máa yá, ta ni yóò gbé àsíá. Gbogbo rẹ̀ ni mò ń kọ sínú ìwé ńlá kan tó wúwo, gègé ńlá tó mọ́ gaara ni mo sì fi ń kọ ọ́. Àwọn kan nínú wọn ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ó jọ ohun èlò ilé ìwòsàn. Kó máa jọ ọ́ lọ.

Ohun tó tiẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín jù nínú àpilẹ̀kọ yẹn ni pé ó ní àṣà tuntun láti orí fóònù ni gègé oní-dúrọ́pà. Ha! Ẹ̀gbọ́n gbogbo wọn ni. Nígbà tí Lewis Edson Waterman gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí gègé tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1884, dúrọ́pà ni wọ́n fi ń rọ yíńkì sí i. Wọ́n á tú ọrùn gègé, ibi tí ẹnu rẹ̀ wà, kúrò lára ikùn tí yíńkì ń gbé, wọ́n á kán yíńkì sínú ikùn náà gan-an, wọ́n á yí ọrùn padà sí i. Ó tán. Ìgbà tó yá ni àwọn oníṣẹ́ gègé bẹ̀rẹ̀ sí í fi àpò rọ́bà dá àrà, lẹ́yìn náà káátíríìjì, èyí sì gba ọjà lọ́wọ́ dúrọ́pà nílùú òyìnbó. Àwọn ará Íńdíà ò fi tiwọn sílẹ̀. Ní Rajahmundry, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ṣì ń fi rọ́bà líle tí wọ́n ń pè ní ẹ́bónáìtì gbẹ́ irú rẹ̀. Àwọn ará Japan ní tiwọn fi ìdènà tó ń dá yíńkì dúró sí ikùn rẹ̀, màá padà sórí ìyẹn. Ní Taiwan, ilé iṣẹ́ Opus 88 ń ṣe èyí tó ní ìdènà náà, tí ikùn rẹ̀ sì mọ́ gaara látòkè délẹ̀. Ṣé a rí i pé ọ̀rọ̀ yìí ti dàgbà ju fóònù lọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ìdí tí ikùn gaara fi ṣe pàtàkì, torí ibẹ̀ gan-an ni ọmọ yín ti gbé e gba ẹ̀yìn. Ó rò pé ẹwà yíńkì ni wọ́n fẹ́ máa wò. Ẹwà ń bẹ níbẹ̀ lóòótọ́, n ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ojú la ti ń mọ ọkà tó máa yó ni. Nínú ooru ilẹ̀ wa, ẹni tó ń lo gègé oní-dúrọ́pà gbọ́dọ̀ mọ iye yíńkì tó kù nínú rẹ̀ nígbà gbogbo. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, gègé náà á pọ yíńkì sórí iṣẹ́ rẹ̀.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Nínú ikùn gègé, yíńkì àti afẹ́fẹ́ ló jọ ń gbé. Bí yíńkì bá ṣe ń lọ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gba ipò rẹ̀. Bí o bá wá di gègé mú, ooru ọwọ́ rẹ wọ inú rẹ̀ lọ, afẹ́fẹ́ á sì wú. Afẹ́fẹ́ a máa fi nǹkan bí ìdá kan nínú 300 wú sí i fún ìwọ̀n Celsius kọ̀ọ̀kan tó bá fi gbóná. Ká ní yíńkì ti lọ sílẹ̀ tí afẹ́fẹ́ mílílítà 3 wà nínú ikùn, ká ní ooru ọwọ́ sì fi ìwọ̀n 7 kún ooru rẹ̀. Afẹ́fẹ́ náà á fi mílílítà 0.07 wú. Ẹ̀kán kan láti ẹnu dúrọ́pà jẹ́ nǹkan bí mílílítà 0.05. Ìyẹn ni pé ó ju ẹ̀kán kan lọ tó ń wá ibi tó máa gbà jáde, ẹnu gègé nìkan ni ọ̀nà tó sì wà. Ohun dúdú bí igi tó wà lábẹ́ ẹnu gègé, tó ń gbé yíńkì dé ẹnu rẹ̀, èyí tí wọ́n là wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, máa ń gba díẹ̀ dúró nínú yàrà rẹ̀. Bó bá ti kún, ìyókù á bọ́ sílẹ̀. Orí orúkọ ẹni pàtàkì jùlọ nínú ìwé ló sì máa ń bọ́ sí, ẹ ò ní mọ ìdí ẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ikùn bá ṣì kún dáadáa, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ò tó nǹkan, wíwú rẹ̀ ò sì tó nǹkan. Ìyẹn ni mo fi ń sọ pé ikùn gaara ni òṣùwọ̀n rẹ. Bí mo bá ti rí i pé yíńkì ti lọ sílẹ̀ dé ìdá kan nínú mẹ́ta ikùn, mo ti mọ̀ pé àsìkò tó láti rọ òmíràn sí i, kí ọwọ́ mi tó máa gbọ̀n lórí ìwé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́. Ẹni tó ń lo ẹ́bónáìtì dúdú kò rí nǹkan kan. Ó dìgbà tó bá mi gègé lẹ́bàá etí kó tó mọ̀. Mo ti rí adájọ́ kan tó ń mi tirẹ̀ báyẹn láàárín ẹjọ́, tí ẹlẹ́rìí rò pé òun ló ń mi orí sí.

Òótọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ ọmọ yín ni pé gègé oníkáátíríìjì kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe irú èyí. Kò lè ṣe é: káátíríìjì kékeré kan ò gbà ju nǹkan bí mílílítà 0.75 lọ, afẹ́fẹ́ wo ló fẹ́ wú níbẹ̀? Ṣùgbọ́n ohun tó mú un ṣe jẹ́ẹ́ yẹn náà ló ń jẹ́ kó tètè gbẹ. Èmi tó jẹ́ pé ìpàdé mi máa ń gba ọ̀sán lọ, n ò lè máa wá káátíríìjì nínú àpò bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́. Gègé ńlá tí mò ń wí yìí gba mílílítà 3 sí 4 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ó ku ti owó. Ìjẹ̀bú ni mí, ẹ jẹ́ kí n ṣírò. Ìgò yíńkì tó gba mílílítà 50 yóò kún ju ọgọ́ta káátíríìjì kékeré lọ. Ẹ lọ bi wọ́n léèrè iye tí páálí káátíríìjì kan jẹ́, bí ẹ bá tiẹ̀ rí i rà ní Òkè Ajé, kí ẹ wá fi wé owó ìgò kan. Èmi ti bi wọ́n. Àwọn ará ìlú mìíràn tó ń sọ pé a láhun, ẹ máa sọ ọ́ lọ. Yíńkì wà nílé wa.

Ẹni tó bá fẹ́ ra irú gègé yìí, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ wò ni ọrùn rẹ̀. Mo máa ń yí i kúrò níwájú ẹni tó ń tà á, bó bá sì kọ̀, mo máa ń dìde. Ó gbọ́dọ̀ ní òrùka rọ́bà ní ibi tí ọrùn ti pàdé ikùn. Ojú ibi tí wọ́n ti ń yí i pọ̀ gbọ́dọ̀ gùn díẹ̀, kó má jẹ́ pé ìyípo kan péré ló so wọ́n pọ̀. Lẹ́yìn náà, mo máa ń gbé ikùn náà sí ọ̀gangan ìmọ́lẹ̀, kí n wò ó bóyá irin wà nínú rẹ̀ tàbí ihò wà ní ìdí rẹ̀. Irin tí yíńkì bá ń wẹ̀ á dógùn-ún, ìpẹtà rẹ̀ á sì lọ dí ọ̀nà yíńkì. Ihò ní tirẹ̀, ẹ ò nílò kí n ṣàlàyé.

Àbúrò mi kan ní Ṣágámù lọ ra tirẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan tó fi dá a lójú pé gègé yòówù tí ikùn rẹ̀ bá ti gùn ló ṣeé rọ yíńkì sí tààrà. Gègé káátíríìjì ni, wọ́n fi òrùka irin kan há a nínú. Kò tíì pẹ́ rárá tí yíńkì náà fi pàwọ̀ dà, tó wá ń kọ bíi tii. Nígbà tó pe ẹni náà, ó ní òun ti sọ fún un pé kó máa fọ̀ ọ́. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀. Mo tú gègé náà wò fún un, mo sì fi irin náà hàn án. Ní báyìí, ó ti padà sí báírò, n ò sì bá a wí.

Ti ìdènà tí mo ní màá padà sí. Èyí tó ní ìdènà dára púpọ̀ fún ẹni tó ń gbé gègé rìn. Ọ̀pá tínrín kan ló gba àárín ikùn kọjá, láti ìdí gègé dé ọrùn. Ní ìparí ọ̀pá náà, rọ́bà kékeré kan wà tó ń dí ẹnu ọ̀nà láàárín ikùn àti ọrùn. Bí o bá yí kókó tó wà ní ìdí gègé wọlé tán, ọ̀nà ti dí: yíńkì ikùn dúró síkùn, kò sí bí afẹ́fẹ́ ṣe lè wú tó, kò lè ti nǹkan kan jáde. Bí o bá fẹ́ kọ̀wé, o tú u díẹ̀, ó lè tó mílímítà 2 tàbí 3, rọ́bà á gbéra, yíńkì á sọ̀ kalẹ̀. Nínú gègé gaara, o máa rí gbogbo eléyìí lójú kòrókòró: ọ̀pá á sún sẹ́yìn, kókó afẹ́fẹ́ kékeré kan á gòkè látọrùn, yíńkì á bọ́ sípò rẹ̀. Ọmọ-ọmọ mi lè jókòó kó máa wo èyí títí.

Ẹni tí kò bá mọ̀ pé ìdènà wà níbẹ̀ á fi gègé náà sùn. Ó máa kọ ewé kan tàbí kó lé díẹ̀ pẹ̀lú yíńkì tó ti wà lọ́rùn, gègé á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ikùn rẹ̀ kún bámúbámú. Ó lè jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ yín nìyẹn tó fi pè é ní ohun fújà. Ẹ ní kó yí ìdí rẹ̀ wò.

Àwọn tó ń wọ bàálù lọ kí ọmọ lókè òkun, ọ̀rọ̀ ìdènà yìí kàn yín jù. Bí bàálù bá gòkè, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ a máa fẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti orí òkè tó ga tó mítà 2,400, gbogbo afẹ́fẹ́ tí ẹ bá dì pa sínú gègé nísàlẹ̀ á sì fẹ́ máa jáde. Ẹ yí ìdènà pa, kí ẹ fi ẹnu gègé sókè nínú àpò. Bí kò bá ní ìdènà, ẹ rọ ọ́ kún tàbí kí ẹ da yíńkì rẹ̀ nù pátápátá. Àbọ̀ ikùn ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ohun kan náà ni fún mọ́tò tí wọ́n bá gbé sínú oòrùn. Kò sí gègé kankan, ì báà jẹ́ ti olówó iyebíye, tó yẹ kó wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù lọ́sàn-án nílẹ̀ yìí.

Ọ̀rọ̀ títóbi. Ọmọ yín ní àwọn gègé yìí tóbi jù. Ó ṣì kéré lọ́jọ́ orí. Ẹni tí orúnkún àti oríkèé ìka rẹ̀ bá ti ń sọ̀rọ̀ láàárọ̀ mọ̀ pé ohun tó sanra rọrùn láti dì mú ju ohun tó tẹ́ẹ́rẹ́ lọ, torí ìka ò ní ká kò jù. Títóbi kò sì túmọ̀ sí wíwúwo, ọ̀rá líle ni wọ́n fi ṣe é, ó fúyẹ́ ju irin tí ó ní ká lọ rà. Kí ẹ má ṣáà fi ìdérí há a nídìí bí ẹ bá ń kọ̀wé, á máa fà yín lọ́wọ́ sẹ́yìn. Irin tún ní àléébù mìíràn: ooru ọwọ́ tètè ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ọ̀rá tó nípọn a máa dá a dúró díẹ̀.

Ní ti ẹnu gègé, ẹ ra èyí tó tínrín. Wọ́n máa ń fín lẹ́tà sí i lára. F ni tínrín, M ni àárín, B ló fẹ̀. Ìwé tí wọ́n ń tà fún wa lọ́jà, púpọ̀ nínú wọn ń mu yíńkì bíi búrẹ́dì tó ń mu tíì. B á tàn kálẹ̀ lórí rẹ̀, á yọ sí ẹ̀yìn ewé, o ò ní lè kọ ojú kejì. Èmi a máa dán ìwé wò kí n tó rà á: mo máa ń fa ìlà kan sí igun ewé ìkẹyìn. Àwọn ọmọ tó ń tàwé ní Ìjẹ̀bú-Òde ti mọ̀ mí, bí wọ́n bá ti rí mi, wọ́n á ti ṣí ewé ẹ̀yìn sílẹ̀.

Bí mo ṣe ń rọ yíńkì nìyí, torí àpilẹ̀kọ yẹn ní ó ń ba ọwọ́ jẹ́. Kò ba tèmi jẹ́. Mo máa ń tẹ́ ìwé ìròyìn sórí tábìlì (tiyín ni, ẹ má bínú). Màá gbé ikùn gègé dúró ṣánṣán sínú ife kékeré kan kó má ṣubú. Màá fa yíńkì sínú dúrọ́pà, màá fi ẹnu rẹ̀ kan ògiri ikùn nínú, kí yíńkì lè máa ṣàn wálẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láìfò. Yíńkì á máa gòkè bọ̀ lójú rẹ. N kì í jẹ́ kó dé ibi tí wọ́n ti ń yí ọrùn, nítorí ọrùn náà á gba àyè bó bá wọlé, ohun tí kò bá rí àyè á sì tú sórí ìka. Mo máa ń fi igi ìtayín bu gíríìsì sílíkónì, kò ju orí ẹ̀fọn lọ, màá fi yí òrùka rọ́bà àti ojú ibi tí wọ́n ti ń yí i pọ̀ ká. Kí ẹ má lo Vaseline o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wà nílé gbogbo wa. Òróró epo rọ̀bì ni, á mú kí irú àwọn rọ́bà kan wú, kí wọ́n sì dẹ̀. Lẹ́yìn náà, màá yí i títí ó fi dúró fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fi agbára yí i kọjá ibẹ̀, ọ̀rá náà á là, kì í ṣe ẹjọ́ ẹni tó ṣe gègé.

Yíńkì wo? Yíńkì olómi tí wọ́n ṣe fún gègé oníyíńkì nìkan. Àwọn àgbà mọ Quink tí Parker gbé jáde ní 1931, aláwọ̀ búlúù rẹ̀ ṣeé gbára lé, ó sì rọrùn láti fọ̀ kúrò. Tàdáwà tí àwọn aáfà fi ń kọ wàláà kò ṣeé rọ sínú rẹ̀ rárá, mo mọ̀ pé àwọn kan á fẹ́ dán an wò. Ó nípọn, ó ní ìdọ̀tí wẹ́wẹ́, inú ọ̀nà tóóró yẹn ló máa gbẹ sí. Yíńkì dúdú tí àwọn ayàwòrán ń lò ò yàtọ̀ sí i. Fún ohun tó gbọ́dọ̀ pẹ́ nílẹ̀, ìwé ilẹ̀ àti ìwé ìgbéyàwó, yíńkì onírin àtijọ́ ló dára jù, èyí tí wọ́n ń fi kókó ara igi óákù ṣe. Ó máa ń dúdú sí i bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ sí i, omi ò sì lè fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ má fi í pamọ́ sínú gègé fún oṣù gbọọrọ, á máa jẹ ẹnu gègé tó bá jẹ́ irin. Àwọn yíńkì pupa àti aláwọ̀ èse àlùkò lẹ́wà nínú ikùn gaara ju gbogbo wọn lọ, àwọn náà ló sì ń fi àbàwọ́n síbẹ̀ jù. Mo ní ọ̀kan tó ti di aláwọ̀ òdòdó látìgbà ìpàdé kan tí mo fi kọ orúkọ àwọn onígbèsè. N ò fẹ́ kó mọ́.

Nígbà ọyẹ́, ẹnu gègé máa ń gbẹ bí ìdérí rẹ̀ kò bá múná. Ẹ fẹnu sí ìdérí, kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i. Bó bá ń jáde ní òdìkejì, ẹ má rà á.

Ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí kíákíá ni mo fẹ́ fi kádìí rẹ̀, òun ni gbólóhùn kan tó wà nísàlẹ̀ àpilẹ̀kọ yẹn. Ọmọ yín ní bí àbàwọ́n bá wà nínú ikùn gègé, kí a fi sípírítì fọ̀ ọ́, tàbí kí a bu omi gbígbóná sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè bá wa tún ìyẹn ṣe. Sípírítì ń ba ọ̀rá tó mọ́ gaara jẹ́: ìlà wẹ́wẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà á là pẹ́ú. Omi gbígbóná lè lọ́ igi dúdú abẹ́ ẹnu gègé, bó bá sì ti lọ́, kò ní bá ẹnu rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra mọ́. Omi tútù ni, omi inú ọ̀rá tàbí èyí tí wọ́n sè tó ti tutù, torí omi kànga wa níhìn-ín máa ń ní iyanrìn. Ẹ da yíńkì àtijọ́ nù, ẹ rọ omi sí i, ẹ mì í, ẹ tún un ṣe títí omi á fi mọ́. Bí àbàwọ́n bá le, ẹ kán ọṣẹ ìfọwọ́ olómi ẹ̀kán kan sí i, kó sùn sínú rẹ̀ mọ́jú, kí ẹ fi owú rírọ̀ nù ún, kí ẹ sì fi omi ṣàn án dáadáa. Irú gègé báyìí kì í ṣe ohun tí a ń rí rà lójoojúmọ́, àwọn ọmọ tó ti ń fi owó oúnjẹ wọn rà á sì ń ka ìwé ìròyìn yín. Bí ẹ bá lè tẹ àtúnṣe náà jáde lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, lójú ewé kan náà tí ẹ gbé ti àkọ́kọ́ sí, inú mi á dùn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ tó ti fẹ̀yìntì,
Ìjẹ̀bú-Òde.